Ẹ Dẹ Ẹ̀rọ Náà Díẹ̀: Ohun Tí Ìyá Ẹlẹ́rọ Ata Mọ̀ Nípa Kọfí

Irin náà kọ̀, kò sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Àǹtí, gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé e lórí, ó tẹ̀ ẹ́ títí iṣan ọrùn rẹ̀ fi yọ. Àfi gbìì! Irin já sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kọfí gbígbóná fọ́n jáde lẹ́nu gíláàsì, ó ta sí ògiri, ó ta sí aṣọ iṣẹ́ kẹ́rà tí Àǹtí fi ṣiṣẹ́ mọ́jú, tí kò tíì ráyè bọ́.

Aago mẹ́jọ àárọ̀ Sátidé ni. Láti fèrèsé ilé ìdáná wa ní Thamesmead, London, níbi tí Tavy Bridge wà tẹ́lẹ̀, èèyàn lè rí adágún Southmere tó tẹ́ rẹrẹ, pẹ̀lú síwáànì méjì tí kò bìkítà fún ariwo ẹnikẹ́ni.

Ìyá wa, tó ti Ìbàdàn wá kí wa, kò dìde lórí àga. Ó fi ìka mú díẹ̀ nínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó dà sórí tábìlì, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wò, bí ẹni tó ń yẹ èlùbọ́ wò lọ́jà kó tó ná an.

"Ta ló bá ẹ lọ̀ ọ́?"

Àǹtí dáhùn pé inú páálí ni òun ti bá a, lílọ̀ ni wọ́n ń tà á.

"Ó kúnná jù. Ní kí wọ́n dẹ ẹ̀rọ náà díẹ̀."

Ẹ má bi mí bóyá Màmá ń mu kọfí. Mílò ni tirẹ̀, mílíìkì á sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún méjìlélógún ló fi dúró ti ẹ̀rọ ata ní ọjà Bódìjà, kò sì sí ohun tí èèyàn ń lọ̀ tí ìka rẹ̀ kò mọ̀.

Ìwọ̀nba tó kù nínú gíláàsì náà korò bí ewúro tí wọn kò fọ̀. Àǹtí fẹ́ ju páálí náà nù, ó ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Kì í ṣe ayédèrú. Àkọlé kékeré kan wà lẹ́yìn páálí tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò kà: espresso ni wọ́n lọ̀ ọ́ fún. Ohun èlò tí Àǹtí sì rà ní ṣọ́ọ̀bù àlòkù jẹ́ èyí tí wọ́n ń pè ní French press, gíláàsì gíga kan tó ní ìdérí, pẹ̀lú irin gbọọrọ tó ní asẹ́ nísàlẹ̀. Ohun méjèèjì dára. Wọn kò kàn bá ara wọn mu ni.

Níbi tí afárá ti wó

Ẹni tó bá kúrò ní Thamesmead lógún ọdún sẹ́yìn, tó sì padà wá lónìí, yóò wá Tavy Bridge tì. Orúkọ náà ṣì wà lẹ́nu àwọn tó ti pẹ́ ládùúgbò, ṣùgbọ́n ilé ìtajà oníkọnkéré tí wọ́n ń fi orúkọ náà pè ti lọ.

Orí àbàtà ni wọ́n tẹ ìlú yìí dó sí, ilẹ̀ tó ti wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ohun ìjà ọba ní Woolwich, Royal Arsenal. Ìjọba tó ń ṣàkóso London nígbà náà, GLC, ló kọ́ ọ, àwọn ìdílé àkọ́kọ́ sì kó wọlé ní 1968. Omíyalé ọdún 1953 kò tíì kúrò lọ́kàn àwọn tó ya àwòrán ilé náà, nítorí náà wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ṣe yàrá. Wọ́n gbé ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ sókè, wọ́n gbé ilé ìtajà sókè, èèyàn á rìn láti ilé dé ilé láìfẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Stanley Kubrick wá ya lára fíìmù A Clockwork Orange, tó jáde ní 1971, sí etí adágún yìí gan-an.

Wọ́n ti wó púpọ̀ nínú àwọn ilé àtijọ́ etí adágún náà. Ilé tuntun tí ẹgbẹ́ ilé gbígbé Peabody kọ́ ló wà níbẹ̀ báyìí, pẹ̀lú gbàgede tí wọ́n ń pè ní Cygnet Square. Láti ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 2022 tí ọkọ̀ ojú irin Elizabeth line ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra láti Abbey Wood, ojú àwọn tó ń wá gbé ibí ti yí padà. Ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ni láti ilé wa dé ibùdókọ̀ náà.

Àwa Yorùbá ti wà níbí ṣáájú ọkọ̀ ojú irin yẹn. Ẹ dúró sí ẹ̀bá adágún lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ẹ ó gbọ́ Ìjẹ̀bú, ẹ ó gbọ́ Èkìtì, ẹ ó rí gèlè tó ń bá afẹ́fẹ́ jà. Ọ̀pọ̀ wa ló sì ń ṣiṣẹ́ òru: nọ́ọ̀sì, kẹ́rà, ẹ̀ṣọ́, awakọ̀ bọ́ọ̀sì. Kọfí kì í ṣe fàájì fún irú wọn, òun ló ń la ojú.

Tẹ́lẹ̀ rí, Nescafé ni kọfí nílé wa, Nescafé sì rọrùn: ṣíbí kan, omi gbígbóná, ó parí. Wọ́n ti lọ̀ ọ́, wọ́n ti sè é, wọ́n ti sẹ́ ẹ, wọ́n ti gbẹ ẹ́ kó tó dé ọwọ́ wa. Kò sí ìwọ̀n kan tí a fẹ́ ṣì. Àfi ìgbà tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ra kọfí lílọ̀, tí àwọn ọmọ ń fi ohun èlò rẹ̀ ta ìyá wọn lọ́rẹ ní Kérésìmesì, ni wàhálà dé. Wọ́n ń kọ nọ́ńbà sí ojú páálí láti fi sọ bó ṣe le tó. Àwọn èèyàn wa ka nọ́ńbà náà sí ohun tó ṣe pàtàkì jù, wọ́n á mú èyí tó ga jù kó lè jí wọn dáadáa. Bí wọ́n ṣe yan kọfí náà dúdú tó, àti bó ṣe le lẹ́nu tó, ni nọ́ńbà yẹn sábà máa ń sọ. Kò sọ nǹkan kan nípa bó ṣe kúnná tó.

Àgbo, àgúnmu àti súgà St. Louis

Mo béèrè lọ́wọ́ onímọ̀ oúnjẹ kan, ọmọ Ọ̀yọ́ tó ń kọ́ni nílẹ̀ yìí, pé kí ló dé tí ohun kékeré bẹ́ẹ̀ fi ń ba ife kan jẹ́. Ó ní kí n ronú nípa àgbo.

Bí ó bá jẹ́ èèpo igi, a ó sè é pẹ́ títí, omi rẹ̀ á pọ́n. Bí ó bá jẹ́ ewé tútù, a lè fún un lọ́wọ́ lásán, ó tán. Bí ó bá sì jẹ́ àgúnmu, tí a ti gún lẹ́búlẹ́bú tí a sì ti kù, a kì í sè é rárá, inú ẹ̀kọ gbígbóná là ń dà á sí, a ó mu ún pẹ̀lú ara rẹ̀. Kò sí babaláwo tó máa se àgúnmu ní wákàtí mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ẹni tó máa rọ omi gbígbóná lé odidi èèpo igi kó sì gbé e mu lójú ẹsẹ̀. Bí nǹkan bá ṣe kúnná tó ló ń sọ bó ṣe máa pẹ́ nínú omi tó.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ mú hóró súgà St. Louis kan, ká ṣe bí ẹni pé gígùn, fífẹ̀ àti gíga rẹ̀ dọ́gba. Ojú mẹ́fà ló ní tí omi lè fọwọ́ kàn. Ẹ gé e sí méjì ní gígùn, sí méjì ní fífẹ̀, sí méjì ní gíga: ó di hóró kéékèèké mẹ́jọ. Ìwúwo rẹ̀ kò yí padà, ṣùgbọ́n ibi tí omi lè kàn lára rẹ̀ ti di ìlọ́po méjì. Ẹ tún gé hóró kọ̀ọ̀kan bẹ́ẹ̀, ó tún di ìlọ́po méjì sí i. Kọfí tí wọ́n lọ̀ fún espresso ti gba irú gígé yìí lọ́pọ̀ ìgbà ju ti French press lọ.

Kọfí fúnra rẹ̀ kò dà bíi súgà tó ń yọ́ tán. Nínú gíráàmù 100, nǹkan bí 30 péré ni omi lè yọ́, ìyókù jẹ́ eèrí. Kò sì yẹ kí a yọ́ gbogbo 30 yẹn. Ní àwọn ọdún 1950, Ernest Lockhart, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí títí ó fi dé orí ìwọ̀n tí àwọn oníkọfí ṣì ń tẹ̀ lé: gíráàmù 18 sí 22 nínú 100 ló ń dùn lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ohun tó jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ ni pé àwọn adùn inú kọfí kì í jáde pọ̀. Èyí tó kan ló ń ṣíwájú, dídùn á tẹ̀ lé e, kíkorò ló ń pẹ́ jáde. Bí omi bá yára kúrò, a ó bá kọfí tó kan bí ọsàn tí kò pọ́n. Bí ó bá pẹ́ jù, a ó bá ti Àǹtí.

Ìdí kan tún wà tí kíkúnná fi lágbára bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti sẹ́ ògì rí mọ̀ ọ́n: bí ó bá ṣe kúnná tó ló ṣe ń dí asẹ́ tó. Kọfí tó kúnná ń yára yọ́, ó sì tún ń dá omi dúró, omi á wá pẹ́ lára rẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Òun ló sé irin mọ́ Àǹtí lọ́wọ́.

Ẹ̀rọ Màmá kì í ṣe bílẹ́ńdà

Nígbà tí Màmá gbọ́ àlàyé yìí lẹ́nu mi, ó ní ṣé wọ́n ń san owó fún ẹni tó ń kọ́ni ní èyí ni.

Níbi ẹ̀rọ rẹ̀ ní Bódìjà, ohun àkọ́kọ́ tó máa ń bi oníbàárà kì í ṣe owó. "Kí lo fẹ́ fi ṣe?" ni. Ẹ̀wà kan náà ni gbogbo wọn ń gbé wá. Oní-mọ́ínmọ́ín fẹ́ kí tirẹ̀ kúnná bí ìpara. Alákàrà kò fẹ́ kó pọ̀ lómi, kò sì fẹ́ kó kúnná dé ibẹ̀. Àgbàdo ògì gbọ́dọ̀ kúnná kí eèrí rẹ̀ má baà pọ̀ jù lójú asẹ́, àgbàdo òròmọdìyẹ kàn ń fẹ́ kí wọ́n fọ́ ọ ni. Gbogbo iṣẹ́ yìí, ọwọ́ irin kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ló ń ṣe é. Bí o bá fún un, irin pẹlẹbẹ méjì tó dojú kọra nínú ẹ̀rọ á sún mọ́ra. Bí o bá dẹ̀ ẹ́, wọ́n á jìnnà síra.

Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀, mo rí i pé ohun tí àwọn oníkọfí ń ta ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún pọ́n-ùn gan-an nìyẹn. Ẹ̀rọ kọfí tó dára ní irin méjì tó léyín, ọ̀kan dúró, ọ̀kan ń yí, hóró kọfí ń gba àárín wọn kọjá, kò sì sí èyí tó lè jáde àfi tó bá ti kéré tó àlàfo tó wà láàárín wọn. Ẹ̀rọ ata ni. Wọ́n kàn sọ ọ́ di kékeré, wọ́n sì kùn ún lọ́dà dúdú.

Èyí tó wọ́pọ̀ nílé wa, tí kò sì wọ́n, ni aláabẹ́, ìbátan bílẹ́ńdà. Abẹ́ ń yí láàárín, ohun tó bá kàn ló ń gé. Hóró tó wà nísàlẹ̀ á di àtíkè, èyí tó fò sókè á ṣì wà ní ìlàjì. Ẹ wá da omi lé àdàlù yìí: àtíkè ń korò, ìlàjì ń kan, nínú ife kan náà. Gbogbo ẹni tó bá ti jẹ mọ́ínmọ́ín bílẹ́ńdà lẹ́yìn tó ti jẹ ti ẹ̀rọ ọjà mọ ìyàtọ̀ tí mò ń sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fi kọfí kan ẹnu rí.

Bí bílẹ́ńdà nìkan lẹ bá ní, ẹ má sọ̀rètí nù. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ ní díẹ̀díẹ̀, ẹ má dì í mú, ẹ máa mì í láàárín kan, kẹ́ ẹ sì fi asẹ́ wẹ́wẹ́ ku àtíkè inú rẹ̀ dànù. Ẹ̀rọ aláfọwọ́yí ló dára ju èyí lọ, ó sì ń mú apá le.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè àkókò

Ọmọkùnrin Yorùbá kan tó ń po kọfí ní ilé kọfí kan ní Woolwich sọ fún mi pé àwọn oníbàárà máa ń dá kọfí padà pé ó ti bàjẹ́. Òun á kàn bi wọ́n pé kí ni wọ́n fi pò ó. Lọ́pọ̀ ìgbà ọ̀rọ̀ á tán síbẹ̀.

Ó ní kí a má há ìwọ̀n sórí. Kí a bi ohun èlò náà pé, ìṣẹ́jú mélòó lo fẹ́ fi pa omi mọ́? Ìdáhùn náà ló ń sọ bí a ó ṣe lọ̀ ọ́.

Espresso kò fẹ́ pẹ́ rárá. Ẹ̀rọ rẹ̀ ń fi agbára tó tó ìlọ́po mẹ́sàn-án èyí tí afẹ́fẹ́ ayé fi ń tẹ̀ wá ti omi gba inú kọfí kọjá, láàárín ìṣẹ́jú àáyá 25 sí 30. Gíráàmù kọfí 18 wọlé, nǹkan bí gíráàmù 36 omi dúdú jáde. Nítorí àkókò kékeré yìí ni kọfí fi gbọ́dọ̀ kúnná, bí èlùbọ́ tí ìka ṣì ń gbọ́ yanrìn díẹ̀ nínú rẹ̀. Bí ó bá kúnná jù, á máa kán tó, tó, tó. Bí kò bá kúnná tó, á dà wàà bí omi ẹ̀rọ. Ojoojúmọ́ ni ọmọkùnrin yìí ń yí ọwọ́ ẹ̀rọ rẹ̀, nítorí ojú ọjọ́ ń yí padà, kọfí sì ń dàgbà nínú àpò. Màmá ní bẹ́ẹ̀ náà ni èlùbọ́ ìgbà òjò.

Ìdàkejì rẹ̀ ni French press. Kọfí àti omi jọ jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, kò sí ohun tó ń tì wọ́n. Hóró tó wú ló yẹ ẹ́, bí àgbàdo fífọ́ tí à ń fọ́n fún òròmọdìyẹ. Gíráàmù 15 tó fún ife kan tó gba mílílítà 250. Ẹ rọra tẹ irin náà. Bí ó bá ń ṣagídí, ẹ má bá a jà, ẹ fà á sókè díẹ̀ kẹ́ ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Kẹ́ ẹ sì fi ẹnu kan ìkẹyìn sílẹ̀ nínú ife, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Láàárín méjèèjì ni èyí tí à ń rọ omi sí láti òkè, tó ń gba inú bébà kán sílẹ̀. Obìnrin ará Jámánì kan, Melitta Bentz, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1908, nígbà tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sú u tó fi bébà ìfàyíǹkì inú ìwé ọmọ rẹ̀ sẹ́ kọfí. Ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin ló ń gbà, ìwọ̀n gàrí Ìjẹ̀bú tó dára ló sì fẹ́. Bí omi bá dá dúró lórí bébà tí kò lọ mọ́, ẹ dẹ ẹ̀rọ.

Mo fẹ́ràn bébà yìí fún ìdí mìíràn. Ọ̀rá kan wà nínú kọfí, cafestol, tó ń gbé kolẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ga. Bébà ń dá èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ dúró, asẹ́ onírin kì í dá a dúró. Ẹni tí dókítà ti ń bá sọ̀rọ̀ nípa ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, tó sì ń mu ife mẹ́ta mẹ́rin kó tó dé ibi iṣẹ́, kó fi bébà sẹ́ tirẹ̀.

Ìkòkò moka, tí ilé iṣẹ́ Bialetti ní Ítálì gbé jáde ní 1933, ń gbé omi sókè láti inú ara rẹ̀ lórí sítóòfù. Kó kúnná díẹ̀ ju ti bébà lọ, kó má tó ti espresso, kẹ́ ẹ má sì kì í mọ́lẹ̀. Kọfí olómi tútù, tó ń sùn nínú fíríìjì fún wákàtí 12 sí 24, ń fẹ́ hóró tó wú jù lọ. Ti àwọn ará Tọ́kì ló kúnná ju gbogbo wọn lọ, àtíkè ni, inú ife ni gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ ń wà. Àgúnmu gidi nìyẹn.

Kí a sì má rò pé òyìnbó nìkan ló ni ọgbọ́n yìí. Odó ni wọ́n fi ń gún kọfí ní Etiópíà kí wọ́n tó sè é nínú ìkòkò amọ̀, odó sì ni wọ́n ti ń fi gún un kí ẹnikẹ́ni tó ṣe ẹ̀rọ. Ní Sẹ̀nẹ̀gàl, ẹ̀ẹ̀rù tí àwa ń fi sínú ọbẹ̀ àti àgbo ni wọ́n ń lọ̀ pọ̀ mọ́ kọfí tí wọ́n ń pè ní café Touba. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Màmá, ó kọ́kọ́ rò pé mò ń ṣe yẹ̀yẹ́.

Kọfí tí a gbìn tí a kò mu

Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé a kì í ṣe àlejò sí kọfí. Ó ń hù ní ilẹ̀ wa. Àgbègbè Kàbà ní ìpínlẹ̀ Kogí ní oko kọfí, ó wà ní Èkìtì, ó wà ní Òndó, ó sì pọ̀ lórí òkè Mambilla ní ìpínlẹ̀ Taraba. Ilé iṣẹ́ ìwádìí kòkó tó wà ní Ìbàdàn, CRIN, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964, kì í ṣe kòkó nìkan ló ń ṣèwádìí lé lórí. Kọfí, obì, kajú àti tíì wà nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Àmọ́ títà là ń gbìn ín fún. Ìjọba tú àwọn ìgbìmọ̀ tó ń ra irè oko ká ní 1986. Ní 1989, àdéhùn tó ń gbé owó kọfí ró láàárín àwọn orílẹ̀-èdè forí ṣánpọ́n, owó rẹ̀ já wálẹ̀ káàkiri ayé. Ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Kàbà tó ń wa bọ́ọ̀sì ní Plumstead, sọ fún mi pé bàbá òun gbé àdá wọ oko kọfí, ó gé e, ó gbin kajú. Kọfí tí bàbá náà fi gbogbo ayé rẹ̀ gbìn, kò tọ́ ọ wò nínú ife rí. Inú agolo ni ti ilé wọn ti ń wá, láti òkè òkun.

Robusta ni irú tó pọ̀ jù nínú èyí tí a ń gbìn. Kafíìnì inú rẹ̀ tó ìlọ́po méjì ti Arabica, ó sì korò jù ú lọ. Lójú tèmi, irú kọfí bẹ́ẹ̀ gan-an ló yẹ kí a fi ọgbọ́n lọ̀. Ẹ lọ̀ ọ́ kó wú díẹ̀ ju bí ìwé bá ṣe sọ lọ, kẹ́ ẹ má fi omi tó ń hó kutukutu kàn án, ẹ jẹ́ kó sinmi díẹ̀ kó wà ní nǹkan bí dígírì 92. Èyí tí ọ̀rẹ́ mi bá mi mú ti Kàbà bọ̀ ní ọdún tó kọjá, báyìí ni mo ṣe pò ó, ó sì jáde bí ẹ̀pà sísun.

Sátidé kejì

Páálí Àǹtí kò bọ́ sínú ìdọ̀tí. Aládùúgbò wa kan ní ìkòkò moka, ó yá wa, kọfí náà sì gbọ́ràn sínú rẹ̀. Kò pé, ṣùgbọ́n kò korò bí ewúro mọ́. Omi London yìí le, ẹfun inú rẹ̀ pọ̀, ẹ wo ìsàlẹ̀ kẹ́tùrù yín. Ẹfun yìí ń pa kíkan inú kọfí lẹ́nu mọ́. Àwa fi ìkòkò oní-asẹ́ yọ díẹ̀ nínú ẹfun náà.

Mo sì ra ẹ̀rọ aláfọwọ́yí kan. Ní ọjọ́ kìíní, kọfí lílọ̀ ń fò mọ́ ara ike, ó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, bíi bébà tó ń fò mọ́ kóòmù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ya irun. Iná mànàmáná ló fà á. Àwọn olùwádìí kan, tí Christopher Hendon ti Yunifásítì Oregon wà lára wọn, tẹ iṣẹ́ jáde ní ìparí 2023 pé bí èèyàn bá ta omi díẹ̀ sí hóró kọfí kó tó lọ̀ ọ́, iná náà á rọ̀, kọfí kò sì ní dì mọ́ra. Ẹ̀kán omi kan tàbí méjì ti tó. Mo gbìyànjú rẹ̀, ó ṣiṣẹ́.

Hóró wa tán ní Ọjọ́bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mú Màmá lọ ra òmíràn ní ilé kọfí ọmọkùnrin yẹn ní Woolwich ní Sátidé. Ọmọkùnrin náà tẹrí ba lẹ́yìn káńtà.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, mà?"

Màmá bú sẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ lé mi léjìká kó má baà ṣubú. "Ìbéèrè mi rèé!" Ó ní òun fẹ́ rí inú ẹ̀rọ náà. Ọmọ náà ṣí i fún un, Màmá yọjú wo irin méjèèjì, ó ka eyín wọn lójú, ó sì mi orí.

Wọ́n lọ díẹ̀. Màmá fi ìka mú un, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wò.

"Dẹ̀ ẹ́ sí i."

Ọmọ náà dẹ̀ ẹ́, ó tún lọ díẹ̀. Màmá tún tẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ó ti tó. Wọ́n wá lọ odidi àpò náà, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé.

"Èló ni kóńgò kan?"

"Ọ̀fẹ́ ni, mà. Ẹni tó bá ti ra kọfí, a máa ń bá a lọ̀ ọ́."

"Ọ̀fẹ́ kẹ̀?" Màmá wo ẹ̀rọ náà, ó wo ọmọkùnrin náà, ó wo gílóòbù mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tó ń jó lójúmọmọ. "Ta wá ń san owó iná?"